Fídíò Tí Kò Ṣí Nínú Kíláàsì Èdè

Ọ̀rọ̀ kan ti di ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́ ní àwọn ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni ní èdè abínibí ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ náà ni pé, "fídíò náà ti bàjẹ́." Akẹ́kọ̀ọ́ á mú fláàṣì wá, olùkọ́ á kì í bọ kọ̀ǹpútà, ojú ẹ̀rọ á dúdú tàbí kí àkíyèsí kan yọ pé fáìlì náà kò ṣeé ṣí, gbogbo ilé á sì gbà pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ti ṣègbé. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò pa fáìlì náà rẹ́ kí àyè lè gba òmíràn. Àṣà yìí kò dára. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tí ó ṣe fídíò náà rárá. Ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ fi wò ó ni kò mọ̀ ọ́n kà. Ẹni tí ó ń kọ́ni ní èdè ni ó sì yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìwé tí iná ti jó àti ìwé tí òǹkàwé kò mọ̀ ọ́n kà.

Ohun tí ó wà nínú àwọn fídíò wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè rà lọ́jà lẹ́ẹ̀kejì. Láti ìgbà tí kámẹ́rà ti wọ́pọ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lọ ká ìjálá, rárà, ẹ̀sà, ẹkún ìyàwó, àlọ́ àti oríkì sílẹ̀ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣegboyè wọn. Wọn a sì máa lẹ sídì mọ́ ẹ̀yìn ìwé náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn apohùn tí wọ́n ká ohùn wọn báyìí ti di ará ọ̀run. Àdàkọ ọ̀rọ̀ wọn wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ohùn wọn, ìfaraṣọ̀rọ̀ wọn, bí agberin ṣe ń gbè é lẹ́yìn wọn àti ibi tí onílù ti dá sí i, gbogbo rẹ̀ kò sí níbòmíràn ju orí sídì yẹn lọ. Ní ọdún 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti Benin, Nàìjíríà àti Togo gẹ́gẹ́ bí àṣàyàn àjogúnbá ọmọ ènìyàn. Ní 2005 ni ó kan Ifá. Ní 2008 ni àwọn méjèèjì wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé. Orúkọ inú ìwé àkọsílẹ̀ dára, ó sì yẹ ní yíyọ̀ sí. Ṣùgbọ́n fídíò tí ó ṣí ni yóò fi han ọmọ tí a kò tí ì bí bí wọ́n ti ń dá a.

Ti téèpù yàtọ̀ díẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2016 ni ilé-iṣẹ́ Funai ti ilẹ̀ Japan dáwọ́ ṣíṣe ẹ̀rọ tí ń lo kásẹ́ẹ̀tì fídíò dúró. Ní 2019, UNESCO àti IASA, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tí ń tọ́jú ohùn àti àwòrán, bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ pé ẹ̀rọ tí ènìyàn lè fi gbọ́ téèpù kò ní pẹ́ wọ́n bí ojú. Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tí kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sùn. Téèpù a máa já, a sì máa bu. Fáìlì kì í bu. Bí kò bá ṣí, ìdí kan wà tí ènìyàn lè wá rí.

Àpẹẹrẹ kan láti inú iṣẹ́ olùkọ́ èdè fúnra rẹ̀ yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yéni. Inú àpò ni lẹ́tà máa ń wà. Àpò náà lè jẹ́ funfun báláú bí èyí tí gbogbo ayé ń lò, kí lẹ́tà inú rẹ̀ sì jẹ́ èdè Hausa tí wọ́n fi àjàmí kọ. Ẹni tí ó já àpò náà, tí kò sì mọ àjàmí, kò ní sọ pé lẹ́tà ti bàjẹ́. Yóò wá ẹni tí yóò bá a kà á. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fídíò rí. MP4, AVI, MOV, MKV, 3GP, orúkọ àpò ni gbogbo wọn. Ohun tí ó wà nínú àpò ni àwòrán àti ohùn tí wọ́n ti fún pọ̀ kí wọ́n má baà gba àyè jù, ọ̀nà ìfúnpọ̀ kọ̀ọ̀kan sì dà bí ìlànà ìkọ̀wé kan. Codec ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè é. MPEG-1 ni wọ́n fi kọ àwọn VCD tí fíìmù Yorùbá fi gbòde, MPEG-2 ni ti DVD, H.264, tí ó jáde ní 2003, ni ó wọ́pọ̀ jù nínú MP4. HEVC tẹ̀ lé e ní 2013. Àpò kan náà lè gba oríṣiríṣi. Ìdí nìyí tí MP4 méjì fi lè wà lórí fláàṣì kan, tí ọ̀kan á ṣí, tí èkejì á kọ̀.

Láti ọdún 2017 ni fóònù iPhone ti ń lo HEVC. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi irú fóònù bẹ́ẹ̀ ká ọdún ìbílẹ̀ sílẹ̀ yóò rí i kedere lórí fóònù rẹ̀. Bí ó bá gbé e dé ọ́fíìsì olùkọ́ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń lo Windows, ohùn lè máa jáde kí àwòrán má hàn. Kò sí ẹni tí ó jẹ̀bi. Ẹ̀rọ kan mọ ìlànà náà, èkejì kò mọ̀ ọ́n. Ti VCD tilẹ̀ tún jọni lójú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ṣí VCD lórí kọ̀ǹpútà yóò rí fódà kan tí wọ́n pè ní MPEGAV, fáìlì tí ó wà níbẹ̀ á sì máa parí sí DAT. Kọ̀ǹpútà kò rí DAT gẹ́gẹ́ bí fídíò, olùkọ́ náà kò sì rí i bẹ́ẹ̀, àmọ́ fídíò MPEG-1 ni ó wà níbẹ̀ láìyẹ̀.

Ìparí orúkọ yìí ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Èdè Yorùbá kò ní àfòmọ́ ìparí, bóyá ìdí nìyẹn tí àfòmọ́ ìparí fáìlì fi ń rú àwọn olùkọ́ Yorùbá lójú. Àwọn kan a máa pa AVI dà sí MP4 nínú orúkọ fáìlì, wọn a sì rò pé àwọn ti yí fídíò padà. Ohun tí wọ́n yí kò ju àkọlé ẹ̀yìn àpò lọ. Lẹ́tà ṣì wà bí ó ti wà. Èyí tí ó burú jù ni pé Windows a máa fi àfòmọ́ náà pamọ́, débi pé ohun tí ó hàn bí "Ìjálá.mp4" lè jẹ́ "Ìjálá.mp4.exe," èyí tí kì í ṣe fídíò bí kò ṣe kòkòrò tí yóò ba kọ̀ǹpútà jẹ́.

Kí wá ni ṣíṣe? Ohun àkọ́kọ́ ni kí ènìyàn fi ẹ̀rọ-ìwòran mìíràn wò ó kí ó tó dájọ́. VLC, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ École Centrale ní Paris dá iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1996, tí ó sì ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé láti 2001, gbé púpọ̀ nínú àwọn ìlànà ìfúnpọ̀ wọ̀nyí dání nínú ara rẹ̀. Yóò ka DAT inú VCD. Yóò ka 3GP fóònù àtijọ́. Yóò ka HEVC. Ìdajì àwọn ẹjọ́ "ó ti bàjẹ́" ni ì bá tán síbẹ̀. Bí kò bá tán, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní MediaInfo, ọ̀fẹ́ ni òun náà, tí yóò sọ fún ènìyàn irú àpò tí fáìlì jẹ́, ìlànà tí wọ́n fi kọ àwòrán àti ohùn inú rẹ̀, àti bí ó ti gùn tó. Ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe ni kí ó lọ máa wa àkójọ codec kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ojú-ìwé tí kò mọ ẹni tí ó ni ín. Kòkòrò ni ọ̀pọ̀ ń rà wọlé lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ ni pé àwọn fáìlì kan wà tí wọ́n fara gbọgbẹ́ ní tòótọ́. Fóònù tí ń ká MP4 sílẹ̀ a máa kọ atọ́ka rẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnì ìdádúró. Bí bátìrì bá kú láàrin kan, àwòrán àti ohùn ti wọlé, ṣùgbọ́n atọ́ka kò sí, kò sì sí ẹ̀rọ-ìwòran tí yóò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí ìwé ńlá tí ojú-ewé rẹ̀ fọ́n ká tí kò ní nọ́ńbà. Síbẹ̀ kò tọ́ láti sọ ọ́ nù: àwọn ẹ̀rọ àtúnṣe wà tí yóò fi fídíò mìíràn tí ara rẹ̀ dá, tí fóònù kan náà ká, ṣe àwòkọ́ṣe, tí yóò sì tún atọ́ka náà kọ. Nítorí náà, ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kò gbọdọ̀ ta fóònù yẹn kí ó tó yanjú ọ̀rọ̀. Òmíràn ni fáìlì tí wọ́n fa fláàṣì rẹ̀ yọ kí àdàkọ tó parí. Ìwọ̀n rẹ̀ yóò kéré sí ti àkọ́kọ́, àtúndà láti orísun nìkan ni oògùn rẹ̀, bí orísun bá ṣì wà. Fláàṣì tí wọ́n tò ní ìlànà FAT32 kò sì lè gba fáìlì kan tí ó bá ju jígábáìtì 4 lọ. Kámẹ́rà tí ó mọ èyí a máa gé iṣẹ́ gígùn sí wẹ́wẹ́. Ẹni tí ó bá da ẹyọ àkọ́kọ́ nìkan kọ yóò rò pé rárà náà já lẹ́nu apohùn, bẹ́ẹ̀ ìyókù wà lórí káàdì tí ó ti fẹ́ẹ́ pa rẹ́.

Kòkòrò tí ń sọ fódà di àbùjá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ilé ìtẹ̀wé orí ọgbà àti ilé káfẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó ń fi ojúlówó fáìlì pamọ́ ni, kì í jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá rí i pé fláàṣì kún ṣùgbọ́n fídíò kò sí níbẹ̀, kí ó ní kí Windows fi àwọn fáìlì tí ó fara pamọ́ hàn kí ó tó gbà kí ẹnikẹ́ni tún fláàṣì náà tò. Bẹ́ẹ̀ sì ni ti fídíò inú PowerPoint tí ó ń ṣiṣẹ́ nílé, tí ó wá kọ̀ ní iwájú kíláàsì: àwọn ẹ̀dà tí ó ṣáájú ti 2010 kì í gbé fídíò sínú ara wọn, ọ̀nà tí ó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Ẹni tí ó gbé àṣẹ dání láìgbé fídíò kò gbé nǹkan kan dání.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan onímọ̀ ẹ̀dá-èdè gbọ̀ngbọ̀n ni ti orúkọ. Ó yẹ kí olùkọ́ Yorùbá kọ orúkọ fáìlì rẹ̀ pẹ̀lú àmì, ó sì ń dùn mọ́ni bí ó bá ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó yé gbogbo olùkọ́ pé ohun tí ojú rí bí ẹyọ kan lè jẹ́ ohun púpọ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ́, bí àpẹẹrẹ, kò ní ẹyọ kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode. Ènìyàn lè fi ẹ tí ó ti ní àmì ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ó fi àmì ohùn òkè lé e. Ó lè fi é bẹ̀rẹ̀ kí ó wá fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Ó sì lè kó mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ojú kò lè rí ìyàtọ̀ kankan. Kọ̀ǹpútà rí i. Bí ètò ìgbéjáde bá ń wá "Ẹ́" ti irú kìíní, tí orúkọ fáìlì sì jẹ́ ti irú kejì, yóò ní òun kò rí fídíò náà, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀ gbagidi. Àwọn ẹ̀rọ-ìwòran àtijọ́ mìíràn tilẹ̀ wà tí kì í ṣí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bá ti ní ohun tí ó ju lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lọ. Kí olùkọ́ tó sọ pé fídíò kú, kí ó dà á kọ, kí ó sì sọ àdàkọ náà ní "fidio1." Bí ó bá ṣí, orúkọ ni ó ń ṣàìsàn. Kò wá túmọ̀ sí pé kí wọ́n fi àmì sílẹ̀ nínú iṣẹ́ wọn. Kí wọ́n máa fi nọ́ńbà pe fáìlì, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, pẹ̀lú gbogbo àmì, sínú ìwé àkójọ tí ó bá a rìn.

Ti ọ̀rọ̀ tí ń hàn nísàlẹ̀ àwòrán tún burú ju ti orúkọ lọ, nítorí níbẹ̀ fídíò yóò ṣí, gbogbo ènìyàn á ní ó dára, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ti bàjẹ́. Fáìlì ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ kò ju ìwé lásán lọ. Bí wọ́n bá fi ìlànà UTF-8 pamọ́ ọ, gbogbo lẹ́tà yóò yè. Bí wọ́n bá fi ìlànà tí Notepad ń pè ní ANSI pamọ́ ọ, lórí kọ̀ǹpútà tí ń lo ètò ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, ẹ, ọ àti ṣ yóò di àmì ìbéèrè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ɓ, ɗ àti ƙ ti Hausa, àti ị, ọ àti ụ ti Igbo. Ohun tí ó ti di àmì ìbéèrè kò ní di lẹ́tà mọ́, àfi kí wọ́n tún un tẹ̀. Láti ọdún 2019 ni Notepad inú Windows ti fi UTF-8 ṣe ìlànà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣì pọ̀ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Fíìmù bí Ṣaworoidẹ, tí Túndé Kèlání darí ní 1999 láti ọwọ́ ìkọ̀wé Akínwùmí Ìṣọ̀lá, wọ́pọ̀ nínú kíláàsì Yorùbá. Ìlù àti ìlú ni gbogbo ìtàn náà dá lé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, tí ó wá ń ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ tí olùkọ́ rẹ̀ tẹ̀ láìní àmì ohùn kankan, yóò rí "ilu" ní ibi gbogbo. Ẹ̀kọ́ wo ni ó kọ́?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ojútùú gbogbo rẹ̀ ni kí wọ́n yí fídíò padà sí irú tí ẹ̀rọ tiwọn mọ̀. Kò burú fún ìlò kíláàsì. Ohun tí ó burú ni kí wọ́n yí i tán kí wọ́n sì pa ojúlówó rẹ́. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá tún fídíò fún pọ̀ ni ó ń pàdánù nǹkan, ohun tí ó sì ń pàdánù ni ohun tí ẹ̀rọ rò pé ojú àti etí kò ní mọ̀ pé ó lọ. Ẹ̀rọ kò gbọ́ Yorùbá. Nínú 3GP àwọn fóònù àtijọ́, ìlànà AMR tí wọ́n fi ń ká ohùn kì í gba ohunkóhun tí ó bá ju 4,000 Hz lọ, bẹ́ẹ̀ òkè ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ariwo kóńsónáǹtì /s/ ń gbé, tí ti /ṣ/ sì bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ yóò yè nínú irú àgbàsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ láàrin "ó sá a" àti "ó ṣá a" lè fẹ́ẹ̀ má sí mọ́. Ẹni tí ó ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀ka-èdè tí kò ya ìró méjèèjì sọ́tọ̀ yóò wá kọ sínú ìwé pé apohùn ni kò yà wọ́n, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ni ó jẹ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Fífi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp náà kò yàtọ̀: ó ń fún un pọ̀ lójú ọ̀nà. Bí ó bá di dandan kí ó gba ibẹ̀ kọjá, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí fídíò.

Àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ oníkọ̀ǹpútà ni gbogbo èyí, àti pé olùkọ́ èdè ní gírámà àti lítíréṣọ̀ tí ó tó o bọ́. Àríyànjiyàn náà ní ìwọ̀n òótọ́ tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí olùkọ́ máa tú kọ̀ǹpútà palẹ̀. Ṣùgbọ́n oníkọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé fláàṣì fún kò mọ̀ pé ẹkún ìyàwó kan wà níbẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó lè sun ún mọ́ ní abúlé tí wọ́n ti ká a. Fláàṣì tí kò ṣí ni ó rí. Yóò tún un tò, nítorí pé ìyẹn ni ó yá jù, yóò sì gba owó rẹ̀. Olùkọ́ èdè nìkan ni ó mọ ohun tí ó wà nínú ẹrù náà, òun ni ó sì yẹ kí ó sọ ohun tí wọn kò gbọdọ̀ fi ẹrù náà ṣe.

Ó yẹ, nítorí náà, kí àwọn ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ èdè ní yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni fi èyí kún ẹ̀kọ́ ìlànà ìwádìí, kí wọ́n má dúró de ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Wákàtí mẹ́ta péré lè tó. Kí ó sì jẹ́ òfin pé kò sí àpilẹ̀kọ àṣegboyè tí wọn yóò gbà tí alábòójútó kò bá tíì ṣí àgbàsílẹ̀ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́ náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí fáìlì tí ó jáde láti inú kámẹ́rà wà bí ó ti wà, kí àdàkọ fún kíláàsì dá wà, kí ẹyọ kan sì wà ní ilé mìíràn tí iná kan náà kò lè jó méjèèjì. Olórí ẹ̀ka tí ó bá ní òun kò ní owó tí yóò fi ṣe èyí kò wo iye tí wọ́n ń ná lórí páànù àlejò níbi àwẹ́jẹ-wẹ̀mu ìdánwò àṣekágbá.

Iṣẹ́ tí kò ṣeé sún síwájú ni ti àwọn sídì tí wọ́n lẹ mọ́ ẹ̀yìn ìwé. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun kò ní ihò sídì mọ́. Àmọ́ ẹ̀rọ kékeré tí ènìyàn lè so mọ́ kọ̀ǹpútà láti fi kà á ṣì wà lọ́jà, kò sì wọ́n. Kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ra ẹyọ kan, kí ó yan akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní ìgbà ìsinmi, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí pẹpẹ ìwé tí ó ti pẹ́ jù, kí wọ́n máa da sídì kọ̀ọ̀kan kọ sórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì kọ orúkọ apohùn, ìlú, ọdún àti orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ká a sílẹ̀. Èyí tí kò bá ṣí, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò tíì ṣí, kí wọ́n sì fi í pamọ́ sí ọ̀tọ̀.